Ibùsọ̀ Ojú Ọ̀run

Ìyá mi kì í béèrè pé máìlì mélòó ni ibì kan sí ibì kejì. Lọ́jọ́ tí à ń di ẹrù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí gàrí àti èlùbọ́ ń bá aṣọ òtútù du àyè nínú àpótí, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Tó bá ti kúrò níwájú mi báyìí, ìgbà wo ni n ó tún gbóhùn ẹ̀?" Kíá ni mo dáhùn pé wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni bàálù fi ń dé ọ̀hún láti Èkó.

Aago mẹ́rin ìdájí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ gbé ọmọ náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ẹ̀rìn-Ilé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú ni fóònù ìyá tó dún. Wọ́n ti fi ìka kà á: wákàtí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. "Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ tìrẹ yìí mà gùn o," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà.

N kò purọ́. Bàálù náà kò sì ṣìnà. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí kọ́ ni mo dáhùn ni. Wọ́n bi mí ní ti ìrìnàjò, èmi fi ti bàálù dá wọn lóhùn, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ni ọkọ̀, ibùsọ̀ ni àwọn baba wa ń kà. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ fúnra rẹ̀: ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, kí ọrùn ó sinmi, kí a mu omi, kí a tún òṣùká ṣe. Ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n, àárẹ̀ ara ni. Ibi tí ọ̀nà bá ti ń gòkè, ibùsọ̀ a súnmọ́ra. Ibi tó bá tẹ́jú, á jìnnà síra. Nígbà tí òyìnbó gbé máìlì tirẹ̀ dé, a kàn mú orúkọ ibùsọ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máìlì òyìnbó kò bìkítà bóyá ọrùn ń dun ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, rélùwéè dé Ọ̀fà, aládùúgbò wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn èèyàn sì ń fi ìbùdókọ̀ ka ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ lọ ìlú òyìnbó láyé ìgbà náà, yóò wọ rélùwéè lọ sí Èkó, yóò bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ọkọ̀ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951 láàrin Liverpool àti Èkó, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń rin ọ̀nà náà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kìlómítà mélòó ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó ìdáhùn.

Bàálù ló mú kí gbogbo wa máa fẹ́ mọ iye kìlómítà. Ó sì rọrùn láti mọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, bí a bá ti gbà pé ayé rí roboto. Mo fi han àwọn ọmọ ilé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti òwú ìránṣọ. Bọ́ọ̀lù gidi, àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 68 sí 70. Ayé tiwa, bí a bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bíi kìlómítà 40,000 ni. Àwọn onímọ̀ pín àyíká yẹn sí dígírì 360, láti Èkó sí pápákọ̀ òfurufú Heathrow sì jẹ́ dígírì 45 gẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan dìídì pín in bẹ́ẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká ayé. Ẹ fi mẹ́jọ pín 40,000, kìlómítà 5,000 ló máa jáde. Lórí bọ́ọ̀lù wa, sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ àbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Mo fi ìka mi àárín lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, ìka kan.

Àwọn awakọ̀ òfurufú kì í lo kìlómítà láàrin ara wọn. Wọ́n pín dígírì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 60, wọ́n sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máìlì òkun, nítorí ọwọ́ àwọn atukọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ó gùn ju máìlì ojú ọ̀nà lọ. Kìlómítà kan àti mítà 852 ni. Dígírì 45 lọ́nà 60, máìlì òkun 2,700 nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣe ìsọdipúpọ̀ lè ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìwé ìkẹ́rù láìsí kọ̀ǹpútà, bó bá ṣá ti mọ iye dígírì.

Ibi tí òwú ti wúlò jù ni pé ó ń tú àṣírí máàpù. Máàpù tó wà lára ògiri kíláàsì, ayé ni wọ́n fi ipá tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó o bá bó òrombó tó o ní kí èèpo rẹ̀ tẹ́ sórí tábìlì, àfi kó o fà á ya tàbí kó o nà án. Bí wọ́n ṣe na ayé nìyẹn, ìlà tó rí tààrà lójú máàpù kò wá jẹ́ ọ̀nà tó kúrú jù mọ́. Ẹ wo Houston ní Amẹ́ríkà, tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Bí èèyàn bá wo máàpù, yóò ní kí bàálù kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kó máa lọ. Ṣùgbọ́n òwú tó bá le lórí bọ́ọ̀lù, ọ̀nà tó kúrú jù ló ń gbà; ẹ na án láti Èkó sí Houston kó le dáadáa, ẹ óò rí i tó ń forí lé àárín àríwá àti ìwọ̀-oòrùn, tó ń gba ìhà Burkina Faso àti Mauritania kó tó já sí Òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀nà náà jẹ́ bíi kìlómítà 10,500. Bàálù kan tó ń lọ tààrà láìdúró wà lójú ọ̀nà yẹn láti 2011 sí 2016 kí wọ́n tó dá a dúró. Ọ̀nà òwú yìí náà ni gbogbo bàálù ń gbìyànjú láti tọ̀, nítorí owó ni epo.

Nígbà tí mo na òwú láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀rín pa mí. Ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí àríwá gan-an, ó kàn yẹ̀ díẹ̀ sí ọwọ́ òsì. Láti Èkó, ó gba ìhà Ìsẹ́yìn àti Ṣakí kọjá, ó wọ àríwá orílẹ̀-èdè Benin, ó gba Niger bọ́ sí aṣálẹ̀ Sàhárà, ó kọjá Àlgéríà, ó fo Òkun Mẹditaréníà, ó gba Faransé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ tiwa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀rìn-Ilé lọ sí Èkó ní gúúsù, ó wá wọ bàálù tó tún gbé e padà sókè, tó gba ìwọ̀-oòrùn wa kọjá. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, láti orí ìlú wa gan-an sí Heathrow kò tó 5,000, bíi kìlómítà 4,850 ni. A súnmọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju àwọn ará Èkó lọ! Ẹni bá ń fi Èkó yangàn, ẹ bá mi wí fún un. (Lórí máàpù ńlá, àmì kan ṣoṣo ni àwa àti Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ létí àgbà kankan nínú ìlú méjèèjì.)

Òwú kì í ṣe ìjọba, ṣùgbọ́n ìjọba lè gé òwú. Ní July 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù August, wọ́n ti ojú ọ̀run wọn pa, ó sì di ọjọ́ kẹrin oṣù September kí wọ́n tó ṣí i. Sudan ti ti tirẹ̀ pa láti April ọdún náà nítorí ogun, Líbíà sì ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ bàálù ti ń sá fún un. Ó wá dà bí ẹni pé wọ́n mọ odi gba àárín Áfíríkà kọjá. Àwọn bàálù tó ń lọ sí Yúróòpù láti ọ̀dọ̀ wa ní láti fi ìwọ̀-oòrùn yí po, wọ́n ń jó epo sí i, wọ́n ń pẹ́ sí i. Èkó kò kúrò níbi tó wà, Lọ́ńdọ̀nù náà kò sún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn gùn sí i fún bí oṣù kan.

Ó ku ti àkókò. Bàálù ńlá, tó bá ti gòkè tán, nǹkan bíi kìlómítà 900 ló ń sá ní wákàtí kan. Ẹ fi 900 pín 5,000, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 33. Kí ló wá fa wákàtí mẹ́fà àbọ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì? Nítorí pé láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tó dúró sí ni wọ́n ti ń ka aago, títí yóò fi dúró pátápátá lọ́hùn-ún. Ó ń wọ́ lọ sójú ọ̀nà tí yóò ti fò. Ó ń tò lẹ́yìn àwọn tó ṣáájú. Ó ń gun òkè, kì í sì í sá tó bó ṣe yẹ nígbà tó bá ń gòkè. Bó bá dé òkè Lọ́ńdọ̀nù tán, wọ́n lè ní kó dúró de àwọn mìíràn, a sì máa rà bàbà yípo lójú sánmà bí àṣá títí yóò fi kàn án.

Ẹni tó fẹ́ rí èyí ní kedere, kó wọ bàálù Ìlọrin sí Èkó. Bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, kò ju kìlómítà 245 lọ. Bí a bá fi 900 pín in, ìṣẹ́jú 16 ni. Ṣùgbọ́n bíi ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n máa kọ fún yín, nítorí pé bàálù náà kò ní ráyè sáré. Kó tó gòkè tán ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó ni ìdádúró ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ṣe ń di ohun kékeré. Ìlọrin yìí kan náà ni àwọn ará Kwara tó ń lọ Hájì ti ń wọ bàálù lọ sí Jẹ́dà: bíi kìlómítà 4,000, wákàtí márùn-ún tàbí díẹ̀ lé. Àwọn baba ńlá àwọn kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ rìn ín gba Sudan, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ jẹun lójú ọ̀nà, ọdún sì ń gorí ọdún.

Atẹ́gùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ìwọ̀n kìlómítà mẹ́wàá sókè, lápá àríwá ibi tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wà, atẹ́gùn kan wà tó ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, nígbà mìíràn a máa sá ju kìlómítà 160 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí Odò Ọya ní Jẹ́bà kò nílò àlàyé: ìṣàn ń ti ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀, ó sì ń dá ẹni tó ń gòkè dúró. Èkó sí New York jẹ́ bíi kìlómítà 8,450. Ká ní atẹ́gùn tó ń fẹ́ lójú ọ̀nà, bí a bá pín in kárí, jẹ́ 80. Ẹni tó ń lọ yóò máa sá 820, wákàtí 10 àti bí ìṣẹ́jú 18 ni yóò lò lókè. Ẹni tó ń bọ̀ yóò máa sá 980, wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 37. Ìdí nìyẹn tí àlọ Amẹ́ríkà fi ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ. Ní ti Lọ́ńdọ̀nù, àríwá ni ọ̀nà kọjú sí, ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn náà ti ń lu bàálù, àlọ àti àbọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Nílé télọ̀ mi, ọ̀gbẹ́ni kan takú pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ atẹ́gùn. Ó ní ayé ló ń yí, pé bí bàálù bá ń lọ sí Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ń sá fún un ni, bó bá ń bọ̀, Nàìjíríà ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n òdìkejì pátápátá ni: ìlà-oòrùn ni ayé ń yí sí, nítorí náà Amẹ́ríkà ni ì bá máa bọ̀ wá pàdé ẹni tó ń lọ. Ayé ń yí lóòótọ́, ó lé ní kìlómítà 1,600 ní wákàtí kan lágbègbè wa, ṣùgbọ́n ó ń gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ dání bó ṣe ń yí. Mo bi í léèrè pé eṣinṣin tó ń fò nínú dáńfó láti Ọ̀fà dé Ìkìrun, ṣé dáńfó sá kúrò lábẹ́ rẹ̀? Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun kò wọ bàálù rí, eṣinṣin náà kò sì wọ̀ ọ́ rí.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni aago. Ẹnì kan yóò wo tíkẹ́ẹ̀tì New York tó sọ pé ọkọ̀ ń gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá alẹ́, yóò dé ní aago márùn-ún ìdájí, yóò ní wákàtí mẹ́fà ni. Yóò wo ti àbọ̀: ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ ń gbéra, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ọjọ́ kejì ló ń dé Èkó, yóò ní wákàtí mẹ́rìndínlógún àbọ̀. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Nígbà òtútù, wákàtí mẹ́fà ni aago wa fi ṣíwájú ti New York. Sọ gbogbo rẹ̀ di aago Nàìjíríà kó o tó kà á, àlọ á di wákàtí méjìlá, àbọ̀ á di mẹ́wàá àbọ̀. Àṣìṣe tí mo ti rí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe nìyí, tí ẹni tó lọ pàdé àlejò sì jókòó ti ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ fún ìdajì ọjọ́.

Àwa kì í fọwọ́ kan aago wa. Lọ́ńdọ̀nù ń yí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù March dé ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù October, aago kan náà ni wá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Oṣù September ni ọmọ wa lọ. Ìyá a máa pè é ní aago mẹ́fà àárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, ó sì ń gbé e. Ní November, ó bẹ̀bẹ̀ pé, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, aago márùn-ún ni níbí." Ìyá wo agogo ara ògiri, wọ́n wò mí. "Kí ló ṣe é lọ́hùn-ún tí aago fi ń padà sẹ́yìn?" Mo ṣàlàyé. N kò rò pé wọ́n gbà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí wákàtí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wa. Láti Ẹ̀rìn-Ilé dé Ìkẹjà, bí ẹyẹ bá fò ó, kìlómítà 230 ni. Lórí bọ́ọ̀lù, kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Òwú kò tilẹ̀ ṣeé nà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ gba Ọ̀fà, ó gba Òkukù, táyà bẹ́ lẹ́bàá Ìkìrun kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n pààrọ̀ táyà, táyà apààrọ̀ náà kò ní afẹ́fẹ́, wọ́n ń wá fọ́kanáísà. Òṣogbo, Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dúró bí ẹni ń retí ìbùkún lójú ọ̀nà márosẹ̀. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n dé Ìkẹjà: wákàtí mẹ́sàn-án fún ohun tí kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà lórí bọ́ọ̀lù. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni bàálù yẹ kó gbéra, wọ́n sì ní kí èrò dé ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, kò wá sí ẹni tó ń gbára lé ọ̀nà débi pé yóò kúrò ní Ẹ̀rìn-Ilé lọ́sàn-án. Ọmọ jókòó ti àpótí rẹ̀. Bàálù pẹ́ wákàtí kan. Ó balẹ̀ ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. Ó tò síwájú àwọn tó ń wo físà, ó wá àpótí rẹ̀, ó wá ibi tí fóònù yóò ti mú íńtánẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́sàn-án.

Nígbà tó ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, mo ṣí ohun tó ń fi ọ̀nà bàálù hàn lórí fóònù, mo gbé e síwájú ìyá. Bàálù kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan ń rìn lórí máàpù. Mo fi Sàhárà hàn wọ́n. Mo fi Niger hàn wọ́n. A jẹun, a padà dé, ó ti wọ Nàìjíríà, ó ń kọjá lápá Ṣakí. Mo fi ìka sí Ẹ̀rìn-Ilé kí wọ́n lè rí bó ṣe súnmọ́ wa.

"Ibi tí a wà nìyí?"

"Àní ibí yìí ni, Ìyá."

"Òun náà sì nìyẹn?"

"Òun nìyẹn."

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn bó ṣe ń kọjá wa lọ sí ìhà Èkó, ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti sùn mọ́jú nínú ọkọ̀ láti pàdé rẹ̀. "Kí wá ló dé," ni wọ́n bi mí, "tí wọn kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síhìn-ín?"